Bí Mo Ṣe Gbé Olójúkan Lọ Wo Oòrùn Lórí Òkè Yìnyín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí ní Òkè-Àdó pé kí ni mo lọ ṣe nílùú òyìnbó. Àwọn kan rò pé ìwé òfin ni mo lọ kà, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ dókítà ni. Nígbà tí mo bá sọ fún wọn pé oòrùn ni mo lọ wò, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Wándé, ṣé kò sí oòrùn ní Ìbàdàn ni?" Oòrùn wà ní Ìbàdàn. Ó pọ̀ níbí ju ibi tí mo lọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí kò sí ẹni tí mo tíì sọ ọ́ fún délẹ̀ ládùúgbò yìí àfi ìyàwó mi, òun náà sì ti sùn kí n tó dé ìdajì.

*Olójúkan*

Ibi iṣẹ́ wa wà lórí òkè kékeré kan lọ́nà Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí a ti ń rí adágún omi ìjọba nísàlẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé ká wọn òjò, ká wọn afẹ́fẹ́, ká sì wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní wákàtí-wákàtí, ká kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀pá idẹ tí inú rẹ̀ ṣófo, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. A ó kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú gíláàsì wọlé, á kan pẹlẹbẹ dúdú kan tó wà ní ìdí rẹ̀. Pẹlẹbẹ yẹn á gbóná, abẹ́rẹ́ kan á sì yí lójú àwo bíi ti aago láti sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó wọlé. Nítorí ojú kan ṣoṣo tó ní, Olójúkan ni à ń pè é.

Bàbá Láòyè ló ni Olójúkan. Ìjọba ló rà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kànlá tó ti dé, àwọn ló ń nù ún, àwọn ló ń kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn, ọwọ́ wọn nìkan ló sì wà nínú ìwé. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ará Ìmẹ̀sí bíi ti àwọn òbí mi, wọ́n sì máa ń fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún bí ẹni tí ń lọ síbi ayẹyẹ. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyàwó wọn, ní ọdún kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, wọ́n kọ́kọ́ wá ka ti aago mẹ́jọ àárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní oòrùn kò mọ̀ pé ẹnì kan kú.

Èmi ni mo jẹ́ igbákejì wọn. Ìgbà tí wọ́n ń tú ilẹ̀ Bódìjà láti kọ́ ilé tuntun sí i ni ẹ̀rọ mìíràn dé fún wa láti òkè òkun. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Olójúkan, a kọ ojú àwọn méjèèjì sí oòrùn kan náà ní ọ̀sán kan náà. Olójúkan ní ọgọ́rin. Ẹ̀rọ tuntun ní mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. A tún un kà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọ̀gá wa òyìnbó fọwọ́ họ orí. Ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́. Bó bá jẹ́ pé ti àtijọ́ yìí ni, tí a ò sì mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ìwé ọdún mọ́kànlá kò wúlò mọ́ nìyẹn. Ẹ ó kó wọn dànù."

Bàbá Láòyè wà níbẹ̀. Wọ́n mú aṣọ ìnura kékeré wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu Olójúkan bí ìgbà tí ènìyàn ń nu ojú ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn.

Ẹ̀rọ kan wà lórí òkè gíga ní Súwísálándì tí gbogbo ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ilé ayé ń lọ bá ṣe ìdánwò. Àwọn onímọ̀ ti gbà láàrin ara wọn pé ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá sọ labẹ gé. Ọ̀gá wa kọ̀wé síbẹ̀, wọ́n ní ká gbé Olójúkan wá. Bàbá Láòyè ló yẹ kó gbé e lọ. Wọ́n tilẹ̀ ti ra kóòtù òtútù ní Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà gbọ́ àyà wọn, ó ní afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn fẹ́lẹ́, ọkàn Bàbá kò ní gbà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n wá bá mi nílé, kóòtù náà wà ní apá wọn.

"Wándé, gba èyí. Ó máa fẹ̀ díẹ̀ fún ọ."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, sà."

"Nígbà tó o bá débẹ̀, bá mi bi ẹ̀rọ wọn yẹn dáadáa. Kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni mo ti ń kọ láti ọjọ́ yìí wá."

Ìgbéyàwó èmi àti Fọlákẹ́ kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ nígbà náà. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa. Ní ibùdókọ̀ ojú irin Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ, kò sunkún. Ó ní bọ́tìnnì kóòtù mi kò dúró dáadáa, ló bá yọ abẹ́rẹ́ àti òwú láti inú báàgì rẹ̀, ó ń rán an mọ́ mi láyà. Rélùwéè fọn fèrè lẹ́ẹ̀kíní, ó ń rán an. Ó fọn lẹ́ẹ̀kejì, ó ń rán an. Ìgbà tó fi eyín gé òwú náà, mo mọ omi gbígbóná lọ́rùn mi, mo sì mọ̀ pé ẹkún tó ń pa mọ́ ni.

*Oòrùn ń yẹ̀*

Èmi kò ní pẹ́ lórí omi. Ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ilé tí kò dúró lójú kan, oúnjẹ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dùnkún sísè láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ti oòrùn. Ẹni tó bá ń wọn nǹkan lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á di òṣùwọ̀n. Lójoojúmọ́ tí a ń lọ sí àríwá, mo ń mọ̀ ọ́n lára pé oòrùn ń yẹ̀. Ní Èkó, ó ń ta ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó kàn ń fọwọ́ kan ènìyàn. Nígbà tí a fi máa rí èbúté àwọn òyìnbó, ó ti di ohun tí à ń rí tí a kò lè mọ̀ lára mọ́, bí ẹyin sísè tí wọ́n bó èèpo rẹ̀. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti kúrò nílé.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo dúró sí fún ọjọ́ mélòó kan, mo kan ilẹ̀kùn obìnrin kan tó kọ ọ́ sójú fèrèsé pé òun ní yàrá. Ó ṣí i, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni." Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ti ilẹ̀kùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ojú fèrèsé náà ṣì wà níbẹ̀. N ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀bẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn lójú rí. Nílé wa, ẹni tí kò bá fẹ́ ọ, á sọ fún ọ. Ìwọ náà á sì mọ èsì tó yẹ kó o fọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ gbogbo wọn. Nínú bọ́ọ̀sì, bàbá arúgbó kan sún fún mi kí n lè gbé àpótí Olójúkan kalẹ̀.

Ó ní, "Ṣé fèrè lo gbé sínú ẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ohun tí a fi ń wọn oòrùn ni."

Ó yíjú sí fèrèsé. Òjò winniwinni ń rọ̀ níta, ojú ọ̀run rí bí omi ìfọṣọ. Ó mi orí, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o pẹ́ kó o tó dé."

*Màmá Ánà*

Ọkọ̀ ojú irin kan ló gbé mi gun òkè náà, ó ń fi eyín irin di ọ̀nà mú bí alángbá lára ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ funfun. Mo ti kà nípa òjò dídì nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó sọ fún mi pé kì í dún. Òjò tiwa a máa kéde ara rẹ̀ lórí páànù. Èyí ń bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Opó kan tí wọ́n ń pè ní Ánà ló gbà mí sílé. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí kí ẹnì kan kí mi kú ọ̀nà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó fà mí wọlé, ó ní kí n jókòó, ó bọ́ bàtà mi fúnra rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo rò ó nínú ara mi pé kíkí tirẹ̀ nìyí, ọwọ́ ló fi ń kí ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Màmá Ánà.

Oúnjẹ wọn níbẹ̀ ni wàrà tí wọ́n mú le, tí wọ́n wá yọ́ lórí iná títí tó fi ń fà bí ilá. Wọn á ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti lé àlejò. Alẹ́ àkọ́kọ́, mo jẹ ẹ́ nítorí ìtìjú. Alẹ́ kejì, mo rántí pé Fọlákẹ́ ti di ata gígún sínú agolo fún mi, mo bu díẹ̀ sí i. Màmá Ánà ń wò mí. Ó na ṣíbí rẹ̀. Mo fi orí kọ̀, ó takú; mo bu ún fún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wúkọ́, ó lu tábìlì, ó mu omi ife méjì. Lẹ́yìn náà ló tún na ṣíbí. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, á fìka tọ́ka sí agolo náà bí ọmọ tó rí àdídùn.

Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń tẹ̀lé mi. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó wo ìka tirẹ̀ bóyá dúdú náà lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí kò rí nǹkan kan. Kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé, fún odidi oṣù méjì àbọ̀, kò sí ẹnì kan tó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. "Wandi" ni wọ́n ń pè mí. Nígbà míì, bí n bá dá wà nínú yàrá, mo máa ń pe ara mi lórúkọ, Akínwándé, kí etí mi má baà gbàgbé.

*Ọba*

Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá náà ni ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan, Yákọ́bù. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju tèmi lọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ bá lè sọ ọ́. Ẹ̀rọ náà wà lórí pẹpẹ òkúta níta, wọ́n fi awọ bò ó. Ọba ni mo sọ ọ́, orúkọ náà sì tẹ́ Yákọ́bù lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n a kò lè gbé Olójúkan síwájú Ọba láìsí oòrùn. Odidi òwúrọ̀ kan ni a nílò, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ọ̀sán, tí ìkùukùu kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá. Fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún, ìkùukùu wà. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan mo máa ń jí, mà á ṣí fèrèsé, mà á tún tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: láàrin ọjọ́ mẹ́tàlélógún yẹn ni mo mọ ohun tí àárò ń jẹ́. Nílé, n kò mọ̀ pé mo fẹ́ràn ariwo. Àárò asọ̀rọ̀mágbèsì ará ilé kejì, tó máa ń pariwo láti ìdájí, sọ mí. Àárò èéfín igi sọ mí. Àárò ẹ̀rọ ìránṣọ Fọlákẹ́ sọ mí jù, bó ṣe máa ń sáré, tá dákẹ́, tá tún sáré, bí ẹni tó ń rò ó kó tó sọ ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo máa ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi létí.

Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni ojú ọ̀run mọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Yákọ́bù gbé ẹ̀rọ mìíràn jáde, èyí tí ojú rẹ̀ mú gan-an, ó kọ́ mi bí a ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, ó ní, oòrùn ló yá a lò. Bí a bá mọ ọjọ́ oṣù, a ó mọ iye tó yẹ kó mú wá, a ó sì fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wa pé. Ó kọ́ mi ní ti ìràwọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ìràwọ̀ kéré débi pé bí mo bá mí, abẹ́rẹ́ á gbọ̀n. Mo ti kọ̀wé sí Fọlákẹ́ ṣáájú pé bó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, tí ilẹ̀ bá ṣú, kó jáde wo òṣùpá, èmi náà á máa wò ó. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an nìyí. Mo wọn òṣùpá náà fún wákàtí méjì, ọwọ́ mi ń gan, ọkàn mi balẹ̀ pé ojú àwa méjèèjì pàdé níbì kan.

Lẹ́tà rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó kọ ọ́ pé: "Ọkọ mi, mo jáde bí ẹ ṣe wí. Òjò arọ̀ọ̀rọ̀dá ló ń rọ̀. Mo dúró lábẹ́ agbòjò ní ìta, ìyá onílé ní ṣé orí mi pé. Mo ní ọkọ mi ló ní kí n máa wo òṣùpá. Wọ́n ní òṣùpá wo? N kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Ṣé ìyẹn náà kà?"

Mo ka ìwé yẹn títí ojú ibi tí mo ká fi fẹ́ẹ́ ya.

*"Oòrùn!"*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún, ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn mi. Yákọ́bù ni, ó ń kígbe ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí mo kọ́ ọ: "Oòrùn! Oòrùn!"

N kò lè gbàgbé ojú ọ̀run ọjọ́ náà. Ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró lẹ́ẹ̀méje, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. A gbé Olójúkan sí ẹ̀gbẹ́ Ọba. Oòrùn yọ lẹ́yìn òkè, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Yákọ́bù á pe ti Ọba, èmi á pe ti Olójúkan. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá, mo ti mọ̀. Mo ṣá ń pe iye. Títí di ọ̀sán, nínú ọgọ́rùn-ún tí Ọba bá kà, Olójúkan ń fi méje sílẹ̀.

Yákọ́bù tú u. Pẹlẹbẹ tó yẹ kó dúdú bí èédú ti di eérú. Ọ̀rinrin ti gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé.

Ó bi mí pé, "Láti ìgbà wo?"

Ìbéèrè tí mo gbé kọjá òkun nìyẹn, òun ló tún wá gbé e padà fún mi. Mo jókòó sórí òkúta. Mo rí Bàbá Láòyè níwájú mi, ìbọ̀sẹ̀ wọn dé orúnkún, wọ́n ń kọ iye sínú ìwé ní òwúrọ̀ ìsìnkú ìyàwó wọn.

Yákọ́bù jókòó tì mí. Ó bọ́ síkáàfù ọrùn rẹ̀, ó ká a ní ìpele púpọ̀, ó nà án sójú oòrùn. "Nígbà tí oòrùn bá ṣì wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, bí aṣọ onípele mẹ́wàá. Nígbà tó bá gòkè, ó di ìpele méjì." Ó ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Bí o bá kà á ní ìpele mẹ́wàá, ní mẹ́jọ, ní márùn-ún, ní méjì, o lè ṣírò iye tí ì bá jẹ́ láìsí aṣọ rárá. Iye yẹn kì í yí padà, nítorí oòrùn kò yí padà. Bó bá yí, ẹ̀rọ ló yí." Ó yíjú sí mi. "Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nílé yín tó ti kà á bẹ́ẹ̀ rí, láti ìdájí dé ọ̀sán, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́?"

Ìwé iṣẹ́ wa, wákàtí-wákàtí ni, láti aago mẹ́jọ ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo kọ̀wé sí Bàbá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé kí èsì tó dé. Ìwé ìkọ̀wé kan, irú ti ọmọ iléèwé, ni wọ́n dì sínú bébà, ó ti gbó ní etí, lẹ́tà kan sì wà nínú rẹ̀:

"Wándé, lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ lọ, ilé kò gbà mí láàárọ̀. Bí mo bá jí, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tirẹ̀ tó ṣófo ni mo máa ń rí. Nítorí náà mo máa ń tètè lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, mo máa ń ka Olójúkan láti ìgbà tí oòrùn bá yọjú, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, títí di ọ̀sán. Kò sí ẹni tó rán mi. Mo kàn ń bá oòrùn ṣeré ni. Ọ̀gá kò mọ̀, má sọ fún un. Bí kò bá wúlò, dá a padà fún mi."

Òwúrọ̀ mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé náà, láàrin ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ wọn tó gún régé, tí kò ní ìparẹ́. Yákọ́bù kò lè ka èdè wa, ṣùgbọ́n nọ́mbà kò ní èdè. A fi ọjọ́ mẹ́ta ṣírò. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ fún wa ní iye kan. Ìkejì, iye kan náà. Ìkẹta, ìkẹwàá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, iye kan náà ni. Títí dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Olójúkan kò yẹ̀ rárá. Lẹ́yìn òjò ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá ni iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Òótọ́ ni ìwé ọdún mẹ́sàn-án. Ti ọdún méjì tó kù, a ti mọ bí a ó ṣe tún un ṣe. Kò sí ojú ìwé kan tí a ó dànù.

Yákọ́bù dìde. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ta ni ọkùnrin yìí?"

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún un, ẹkún kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gbé ìwé ńlá Ọba wá, ó ní kí n kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀: Láòyè, Ìbàdàn.

*Àárò méjì*

Ọjọ́ tí mo ń lọ, Màmá Ánà di wàrà líle kan fún mi tó wúwo ju àpótí mi lọ. Mo fi agolo ata tó kù sílẹ̀ fún un. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀; n kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé mi.

Ní Dùgbẹ̀, Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò. A jọ ń tijú ara wa. Ìgbà tó gbé àpò mi, tí òórùn wàrà náà kọlu imú rẹ̀, ló ní, "Kí ló kú sínú èyí?" Àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín, ilé sì padà di ilé.

Bàbá Láòyè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kan kí n tó dé, wọ́n ti kó lọ sí ilé oko wọn ní Apẹ̀tẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn ní ọjọ́ kejì. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí ní ohun kan ṣoṣo: "Ọwọ́ mi, ṣé wọ́n rí i kà?"

Mo ní, "Wọ́n rí i kà, sà. Orúkọ yín wà nínú ìwé wọn."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ inú ilé, wọn kò sì jáde fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti fọ ojú. Wọ́n ní, "Ó dáa. Wá sọ ti ojú ọ̀run yẹn fún mi."

Mo sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n tún un sọ. Bí ó ṣe ń rí nìyẹn. Báwo ni òtútù náà ṣe ń ṣe ènìyàn? Kí ni ìyá yẹn ń jẹ? Yákọ́bù yẹn, ṣé ó ga? N kò mọ̀ ọ́n ní ẹrù láti sọ ọ́, nítorí àárò ibẹ̀ ti ń sọ èmi náà. Ẹ ò rí ayé! Mo wà lórí òkè, mò ń sunkún Ìbàdàn. Mo dé Ìbàdàn, mò ń jí láàárọ̀, mò ń retí kí ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn mi kó pariwo oòrùn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, mo tún lọ sí Apẹ̀tẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, mo gbọ́ ohùn Bàbá. Àwọn aládùúgbò bíi mẹ́fà jókòó yí wọn ká lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá ń wí pé, "Òtútù ọ̀hún, kì í ṣe ti ọyẹ́ yìí o. Ó ń wọ inú eyín. Ìyá kan tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ mi bọ omi gbígbóná. Ẹ ṣáà máa gbọ́. Nígbà tó wá di òwúrọ̀ tí ojú ọ̀run mọ́, ó dúdú, mo ní ó dúdú! Èmi àti onírùngbọ̀n yẹn wá gbé Olójúkan jáde…"

Ìgbà náà ni wọ́n rí mi. Ohùn wọn gé. Ọwọ́ tí wọ́n nà sókè láti fi ojú ọ̀run hàn rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí itan. Wọn kò wò mí.

Ọkùnrin kan nínú àwọn tó jókòó yíjú sí mi, ó mọ̀ pé ibi iṣẹ́ Bàbá ni mo ti wá. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni Bàbá dé gbogbo ibi tí wọ́n ń sọ yìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá. Mo fa àpótí ìjókòó kan, mo jókòó láàrin àwọn olùgbọ́.

Mo ní, "Wọ́n débẹ̀. Èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù. Bàbá, ẹ máa bá a lọ, sà."